Iṣẹ́ Ẹnu Ọ̀nà: Bí Àwọn Ọ̀dọ́ Àtijọ́ Ṣe Ń Yan Iṣẹ́ Àkọ́bẹ̀rẹ̀

Ní ayé àwọn baba wa, kí òyìnbó tó gbé ìwé dé, kò sí ọ̀dọ́ tí yóò jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan kí ó máa bi ara rẹ̀ léèrè pé iṣẹ́ wo ni òun yóò ṣe jẹun, nítorí pé kí ọmọ náà tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì ni àwọn àgbà ilé ti jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí. Bí a bá bí ọmọ tán, a ó tọ babaláwo lọ kí ó dá àkọsẹ̀jayé rẹ̀, kí a lè mọ irú orí tí ó gbé wá, ohun tí ó jẹ́ èèwọ̀ rẹ̀, àti ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò gbà tí kò fi ní kọ. Bí Ifá bá sì wí pé ọmọ yìí kò gbọdọ̀ jìnnà sí irin, tàbí pé ìdí ọ̀pẹlẹ̀ ni yóò ti là, àwọn òbí rẹ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ìdílé pàápàá sì ti sọ tirẹ̀ kí Ifá tó sọ̀rọ̀. Ọmọ onílù ni yóò lu ìlù, orúkọ Àyàn ti wà lórí rẹ̀ láti ọjọ́ kẹjọ. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni yóò fẹ́ ẹwìrì títí apá yóò fi ro ó kí a tó fa ọmọ owú lé e lọ́wọ́. Ọmọ ọlọ́nà ni yóò máa gbá èèrún igi nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ baba rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti kọ̀wé nípa àṣà yìí, tí wọ́n sì ń pè é ní àjogúnbá lásán, bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ni ó ń lu ìlù tí ó sì ń rọ ọkọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé àwọn àgbà mọ ìtumọ̀ iṣẹ́ àkọ́kọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ń fi lé ọmọdé lọ́wọ́ kéré, ó sì rẹlẹ̀, kì í sì í mú owó wá; ṣùgbọ́n abẹ́ òrùlé iṣẹ́ tí yóò ṣe dọ́jọ́ alẹ́ ni a ti ń fi lé e lọ́wọ́, a kì í rán an lọ sí òmíràn. Kò sí alágbẹ̀dẹ tí ó rán ọmọ rẹ̀ lọ fọ aṣọ aró fún ọdún mẹ́ta nítorí pé aláró ń san owó ẹyọ ju òun lọ. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, wọn kì í sì í ti ibòmíràn pa ẹ̀ka rẹ̀, ìdí rẹ̀ náà ni wọn ń dúró sí.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn agbẹ́gilére, nítorí lọ́dọ̀ wọn ni ètò yìí ti hàn gbangba jù lọ. Ère kì í ti ọwọ́ ọlọ́nà jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpele mẹ́rin ni ó ń gbà kọjá. Èkíní ni ọ̀nà lílé, nígbà tí a bá fi àáké bọ́ ìtì igi títí tí orí, àyà àti ẹsẹ̀ yóò fi yọ gbàgùdù-gbagudu; èkejì ni àlétúnlé, tí a óò fi ya ojú kúrò lára imú, ọwọ́ kúrò lára ìhà; ẹ̀kẹta ni dídán, tí a óò fi ọ̀bẹ àti ìfági mú ara rẹ̀ jọ̀lọ̀; ẹ̀kẹrin ni fínfín, tí a óò fín irun, ilà ojú, ìlẹ̀kẹ̀ àti bátànì aṣọ sí i. Ọmọ iṣẹ́ kì í ti ìpele èkíní bẹ̀rẹ̀, nítorí bí a bá ṣi àáké gbé nígbà ọ̀nà lílé, igi ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sí ètùtù tí a lè ṣe sí i. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ń dán ẹ̀yìn ère tí ọ̀gá rẹ̀ ti lé, àṣìṣe rẹ̀ kò lè pọ̀ ju ohun tí ọ̀gá lè fi ọ̀bẹ méjì tún ṣe. Nítorí náà, láti ẹ̀yìn wá sí iwájú ni ọmọ iṣẹ́ ti ń kọ́ iṣẹ́: ó ń parí ère fún ọdún púpọ̀ kí a tó jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ojú rẹ̀ kò kúrò lára àáké ọ̀gá, débi pé ní ọjọ́ tí a bá fa àáké náà lé e lọ́wọ́, ó ti mọ ibi tí yóò bọ́ sí kí ó tó gbé e sókè.

Ní Òṣì ní ilẹ̀ Ọ̀pin, ọ̀gá kan wà tí òkìkí rẹ̀ kàn dé gbogbo Èkìtì, Àrẹògún ni à ń pè é, ẹni tí ó gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó àti epa fún ọba àti ìjòyè títí ó fi kú ní 1954. Àrẹògún bí ọmọ kan, Bándélé, tí ó fẹ́ kí ó jogún iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun gan-an ni ó kọ́ ọ. Ọ̀dọ̀ Ọ̀ṣámùkọ́, tí ó ti jẹ́ ọmọ iṣẹ́ Àrẹògún tẹ́lẹ̀, ni Bándélé ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀bẹ kì í mú títí kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀: ojú àánú ni baba fi ń wo ọmọ, ojú àánú kò sì lè kọ́ni níṣẹ́ tó bí ó ti yẹ. Àrẹògún kò mú ọmọ rẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́, ó mú un kúrò lábẹ́ ìkẹ́ ni.

Nígbà tí àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà, tí Father Kevin Carroll jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, Bándélé wà lára àwọn tí wọ́n pè síbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni Lámídì Fákẹ́yẹ ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ti bá a. Ọmọ ọlọ́nà ni Lámídì, baba rẹ̀ gbẹ́gi, ó ti mú ọ̀bẹ láti kékeré, ó ti lọ sí ilé ìwé, ó sì ti ń gbẹ́ ère tà kí ó tó dé Ọ̀yẹ́. Ẹni tí ó ti ń pa owó, tí ènìyàn ti ń pè ní agbẹ́gilére, ni ó wo iṣẹ́ ọwọ́ Bándélé tí ó sì rí i pé ohun tí òun kò tíì mọ̀ pọ̀ ju ohun tí òun mọ̀ lọ. Ó sì fi ara rẹ̀ sílẹ̀ láti di ọmọ iṣẹ́ padà fún ọdún mẹ́ta gbáko. Mo ka èyí sí ọ̀kan nínú ìpinnu tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ìtàn iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa. Ó lè wá iṣẹ́ akọ̀wé, nítorí ó mọ̀wé. Owó oṣù wà níbẹ̀, ọlá ìgbà náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀bẹ ni ó dì mú. Ère Odùduwà tí ó dúró ní Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1987, ọwọ́ Lámídì ni ó ti jáde.

Títí di ìsinsìnyí, iṣẹ́ tí ó ní ìdílé, tí ó ní òrìṣà, tí ó sì ní oríkì ni a ń sọ. Ohun tí ó ṣòro ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ tuntun dé, iṣẹ́ tí Ifá kò dárúkọ rẹ̀ ní àkọsẹ̀jayé ẹnikẹ́ni, tí kò sí baba tí ó ṣe é rí. Ìjọ CMS dé Abẹ́òkúta ní 1846. Ní 1854, Henry Townsend, ọ̀kan nínú àwọn míṣọ́nnárì wọn, gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan kalẹ̀ lábẹ́ Olúmọ. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1859, Ìwé Ìròyìn fún àwọn Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde láti inú ẹ̀rọ náà, ó sì di ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ tí a tẹ̀ ní èdè Yorùbá. Ta ni ó ń to lẹ́tà òjé wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ní òdì, bí ẹni wo ojú nínú dígí? Àwọn ọmọ ilé ìwé míṣọ́nnárì ni, àwọn ọmọ Líṣàbí tí baba wọn jẹ́ àgbẹ̀ tàbí jagunjagun. Wọ́n kọ́ ọ bí a ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà: wọ́n kọ́kọ́ fọ tádàwà kúrò lára lẹ́tà, wọ́n da lẹ́tà tí a ti lò padà sí àpótí rẹ̀, wọ́n ká bébà, kí a tó jẹ́ kí wọ́n to ìlà kan. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, láti ẹ̀yìn wá sí iwájú náà ni. Iṣẹ́ òyìnbó ni, ṣùgbọ́n ìlànà rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá rárá, mo sì gbàgbọ́ pé ìdí nìyí tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé fi tètè rí ilẹ̀ jókòó sí láàrin wa.

Ní ọdún 1859 yìí kan náà ni ọkùnrin kan ti Jàmáíkà, Robert Campbell, bá Martin Delany, ọmọ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, dé Abẹ́òkúta láti bá Aláké àti àwọn ìjòyè sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ tí àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó wà ní Amẹ́ríkà lè padà wá gbé. Olùkọ́ ni Campbell nígbà náà, ó ti kọ́ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Philadelphia. Ṣùgbọ́n kí ó tó di olùkọ́, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ní Kingston, ọmọ iṣẹ́ ni ó jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Nígbà tí ètò ilẹ̀ Abẹ́òkúta kò yọrí sí rere, Campbell kò padà. Ó jókòó sí Èkó, Èkó Àkéte ilé ọgbọ́n, ó sì dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ ní 1863, The Anglo-African ni ó pè é. Ohun tí ó ti kọ́ ní ọmọdé lẹ́bàá àpótí lẹ́tà ní Kingston ni ó fi ṣe é.

Lọ́dọ̀ Campbell yìí ni ọmọkùnrin kan tí a bí ní Freetown ní 1845, tí ó sì dé Èkó ní 1862, ti rí iṣẹ́ ṣe. Richard Beale Blaize ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá ni baba rẹ̀ láti ìran. Ní àkókò náà, òwò epo ni gbogbo ọ̀dọ́ Sàró tí ó ti Freetown dé ń lé, nítorí ibẹ̀ ni owó wà, Blaize náà kò sì kórìíra owó. Ṣùgbọ́n ilé ìtẹ̀wé ni ó kọ́kọ́ wọ̀. Kò pẹ́ tí ó fi di olórí àwọn atẹ̀wé ní ilé ìtẹ̀wé ìjọba. Ó wá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó ṣòwò, ó sì là débi pé ó wà lára àwọn ọlọ́rọ̀ Èkó ìgbà náà tí a lè fi ọwọ́ kan kà. Ẹnikẹ́ni ì bá rò pé ó ti gbàgbé tádàwà. Àmọ́ ní 1880, Blaize gbé Lagos Times jáde, kò sì sí ẹni tí ó lè rẹ́ ẹ jẹ nípa iye tí bébà ń jẹ, iye ọwọ́ tí iṣẹ́ ń fẹ́, tàbí ìdí tí ìwé ìròyìn fi pẹ́ jáde, nítorí kò sí ipò kan nínú ilé ìtẹ̀wé tí kò ti dúró sí rí. Akọ̀wé owó kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀, John Payne Jackson, ọmọ Làìbéríà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa kọ owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde. Láti ibi ìwé owó ni Jackson ti rí inú òwò ìwé ìròyìn. Nígbà tí ó di 1891, ó ti dá tirẹ̀ sílẹ̀, Lagos Weekly Record, tí òun àti ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn lórí rẹ̀ fún nǹkan bí ogójì ọdún, tí ó sì dá àwọn gómìnà lóhùn láìbẹ̀rù. Campbell, Blaize, Jackson: ọwọ́ kan ni ó ń fà á lé èkejì. Ẹni tí ó bá sì dé Abẹ́òkúta yóò gbọ́ nípa ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí a fi orúkọ Blaize sọ, tí owó rẹ̀ dá sílẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, kí àwọn ọmọ Ẹ̀gbá lè máa kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ ni ó rántí nígbà tí ó ń pín ogún.

Èmi kò ní sọ pé gbogbo ẹni tí ó wọ ilé ìtẹ̀wé ni ó yẹ kí ó gbé ibẹ̀. Oguntola Sapara, tí a bí ní Freetown ní 1861, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a tú sílẹ̀ lóko ẹrú, wọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Èkó nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó sì jáde níbẹ̀. Ìṣègùn ni ọkàn rẹ̀ wà. Kò sí ilé ìwé ìṣègùn kankan ní gbogbo agbègbè yìí nígbà náà, òkun ni a ó là kọjá kí a tó di dókítà, owó rẹ̀ kò sì sí nílé. Ohun tí Sapara ṣe ni pé ó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Èkó, ó sì gba iṣẹ́ lábẹ́ àwọn apoògùn. Iṣẹ́ tí kò ní ọlá ni: kí a fọ ìgò, kí a wọn ẹ̀tù, kí a po omi oògùn, kí a máa dá aláìsàn lóhùn ní ojú fèrèsé. Ṣùgbọ́n aláìsàn ni ó ń rí lójoojúmọ́, ó mọ àrùn tí ó ń wọ ìlú kí dókítà òyìnbó tó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì ń gbọ́ orúkọ tí àwọn ìyá ń pè é ní èdè abínibí. Nígbà tí ó dé Lọ́ńdọ̀nù tí ó sì gba ìwé ẹ̀rí dókítà ní 1895, ó padà wá sẹ́nu iṣẹ́ ìjọba láàrin àwọn tí ó ti mọ̀ láti ojú fèrèsé.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ohun tí Sapara wá ṣe, nítorí kò sí ẹni tí ó lè ṣe é bí kò ṣe ẹni tí ó ti ìsàlẹ̀ wá. Àrùn Olóde, Baba tí a kì í pe orúkọ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, ń pa ènìyàn púpọ̀ ní ìgbà náà, àwọn àwòrò rẹ̀ ni wọ́n sì ń sin òkú tí ó bá pa, tí wọ́n sì ń kó ẹrù rẹ̀. Sapara fura pé àrùn náà ń tẹ̀ lé ibi tí àwọn kan nínú wọn bá gbà. Dókítà tí ó kàn jókòó sínú ọ́fíìsì ì bá kọ ìwé sí gómìnà. Sapara wọ inú ẹgbẹ́ awo náà fúnra rẹ̀, ó sì rí i pé wọ́n ń pa ohun tí wọ́n ha kúrò lára aláìsàn mọ́, èyí tí ó lè gbé àrùn fún ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ni ìjọba fi òfin de bíbọ Ṣọ̀pọ̀nná, òrìṣà àrùn náà. Onírúurú ọ̀rọ̀ ni àwọn ènìyàn ń sọ lórí òfin náà títí dòní, èmi kò sì fẹ́ dá ẹjọ́ òrìṣà níhìn-ín. Ohun tí ó dá mi lójú ni pé ìgboyà Sapara wá láti inú ìmọ̀, ìmọ̀ náà sì ti ń wọlé láti ìgbà tí ó ti ń wọn ẹ̀tù.

Ọ̀rọ̀ àwọn Àgùdà tí ó ti Bùràsíìlì dé kò ní pẹ́ lẹ́nu mi, nítorí ilé wọn ń sọ̀rọ̀ fún wọn. Àwọn bíríkìlà àti káfíńtà wọn kò fi iṣẹ́ wọn pamọ́. Wọ́n gba ọmọ ìlú sí abẹ́ wọn láìbéèrè ìsìn tí wọ́n ń ṣe. João Baptista da Costa, Kristẹni Àgùdà, ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Ṣitta-Bey tí a ṣí ní 1894, Sánúsí Aka tí ó jẹ́ Mùsùlùmí sì bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ilẹ̀kùn olórí-òṣùmàrè, òdòdó sìmẹ́ǹtì àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó kún Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú àti Abẹ́òkúta lẹ́yìn náà, àwọn tí ó ti ru yanrìn fún àwọn Àgùdà àti àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ni ó gbé e kiri.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wọ ọjà. Obafemi Awolowo, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, pàdánù baba rẹ̀ ní 1920 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, láti ìgbà náà lọ ni ó sì ti ń já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ìṣẹ́: ó ṣe olùkọ́, ó kọ́ títẹ ẹ̀rọ táìpù àti ìkọ̀wé kíákíá, ó ṣe akọ̀wé ní Wesley College ní Ìbàdàn, ó wọ ilé iṣẹ́ Daily Times ní 1934 gẹ́gẹ́ bí akọ̀ròyìn tí ń kọ́ṣẹ́, ó ra kòkó, ó ní ọkọ̀ tí ń kó ẹrù. Ẹni tí ó bá wò ó nígbà náà yóò sọ pé ọkùnrin yìí kò mọ ibi tí ó ń lọ. Òfin ni ó ń lé, owó òfin ni kò sí. Ìgbà tí ó di 1944 ni ó tó rí ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di lọ́yà ní 1946. Síbẹ̀ iṣẹ́ àárín wọ̀nyẹn kò ṣègbé: ní 1949 ni ó dá Nigerian Tribune sílẹ̀, akọ̀ròyìn 1934 sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ebi ń lé lẹ́yìn kò ní àyè láti yan bí ọmọ olówó ti ń yàn, kò sì tọ́ kí a fi èyí bú u. Ọmọ tí ó ní àyè láti yan, tí ó sì yan owó oṣù tí ó ga díẹ̀ níbi tí kò ní lọ́kàn láti gbé, òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dùn mí.

Ìdí tí mo fi fi Herbert Macaulay sí ìkẹyìn nìyí, nítorí òun ní àyè láti yan. Ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther ni; baba rẹ̀, Thomas Babington Macaulay, ni ó dá ilé ìwé Girama CMS ti Èkó sílẹ̀ ní 1859; kò sì sí ilé oníṣòwò kan ní Mẹ̀rínà tí kò ní ṣí ilẹ̀kùn fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Àrùn Olóde ti pa baba náà ní 1878, nígbà tí Herbert kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlá. Ní 1881, ó gba iṣẹ́ ní ẹ̀ka ìjọba tí ń rí sí ilé, ọ̀nà àti ilẹ̀, èyí tí àwọn ará ìlú ń pè ní PWD. Kí ni iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀? Akọ̀wé kékeré ni, tí ń ṣe ìwé atọ́ka: kí ó mọ ibi tí ìwé kọ̀ọ̀kan wà, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ létòlétò. Nígbà tí ó pẹ́, ó di ayàwòrán ilẹ̀, wọ́n sì fi í sí ìdí ìwé ilẹ̀ Ọba, àwọn ìwé tí ìjọba fi ń sọ pé ilẹ̀ báyìí, láti ibi báyìí dé ibi báyìí, ti di ti lágbájá.

Fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ẹ rò ó wò: ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó láàrin gbogbo ìwé ilẹ̀ Èkó, ó ń da ọ̀kan kọ lẹ́yìn òmíràn, ó ń rí orúkọ ìdílé, orúkọ òpópónà, ìlà tí a fà tí kò bá ti ìdílé kejì mu, ilẹ̀ tí a kọ fún ẹnìkan tí gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ pé ti ẹlòmíràn ni. Kò sí ilé ìwé tí ó lè kọ́ ọ ní èyí. Ní oṣù Keje 1890, ìjọba Gómìnà Moloney fi owó ìlú rán an lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọ́ṣẹ́ ọdún mẹ́ta lábẹ́ ẹ̀ńjínnìà ìlú náà, tí ó ń rí sí ilẹ̀ wíwọ̀n àti omi ẹ̀rọ. Nígbà tí ó dé ní 1893, wọ́n fi í ṣe ẹni tí ń wọn ilẹ̀ Ọba ní Èkó. Ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní 1898, ó sì ń wọn ilẹ̀ fún ará ìlú lábẹ́ ìwé àṣẹ tirẹ̀.

Ọ̀tá ni ìjọba wá rí nínú ọkùnrin tí ó ti fi owó ara rẹ̀ kọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kí ará Èkó máa san owó omi, Macaulay tí ó ti kọ́ iṣẹ́ omi wà níwájú àwọn tí ó kọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìṣirò tàn án jẹ ti pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ó borí gbogbo rẹ̀. Ní 1913, ìjọba gba ilẹ̀ ńlá kan ní Àpápá, tí ó wà ní abẹ́ Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ tí ó ni ilẹ̀ Èkó. Wọ́n sì wí pé kìkì owó ìṣákọ́lẹ̀ tí ó ń gbà lọ́wọ́ àwọn tí ń gbé orí rẹ̀ ni àwọn yóò san padà fún un, nítorí pé kò ní ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Ilé ẹjọ́ Èkó gbà fún ìjọba. Ní 1920, Olóyè Olúwa wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti gbé ẹjọ́ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ Ọba, Macaulay sì bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé rẹ̀.

Akọ̀wé ni ó jẹ́ ní 1881, akọ̀wé náà ni wọ́n pè é lọ́jọ́ yìí. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ dúdú kan ní Èkó tí ó tún lè sọ fún àwọn lọ́yà bí ìwé ilẹ̀ Ọba ti ṣe bẹ̀rẹ̀, bí a ti ń fà á, àti bí ìlà inú rẹ̀ ti ṣe yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ tí ìdílé ní kí ìwé kankan tó wà. Ní 1921 ni ìdájọ́ jáde: ilẹ̀ ti gbogbo ìdílé àti ará ìlú ni, olóyè ni ó ń bá wọn mójútó o, gígbà tí òyìnbó gba Èkó ní 1861 kò sì pa ẹ̀tọ́ náà rẹ́, nítorí náà, kí ìjọba san owó ilẹ̀ náà bí ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ onílẹ̀. Ìdájọ́ yìí ni àwọn lọ́yà ṣì ń tọ́ka sí ní ilé ẹjọ́ títí di òní bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìdílé bá délẹ̀, kì í sì í ṣe ní Nàìjíríà nìkan.